Ogun Èkìtì Tí A Tò Sórí Tábìlì ní Dọ̀pẹ́mú

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì ló máa ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì bínú mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò wa níbí ní Ìkọ̀tún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe, ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀ ń fi ọmọ ogun ṣeré, wọ́n sì ń sanwó fún yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ogun ni. Wọn ò ga ju ìka àárín mi lọ, mo sì fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún tún ìwé wọn ṣe.

Ṣìkírátù lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Sùlé ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Iṣẹ́ náà rí báyìí. Àwọn èèyàn kan wà, àgbàlagbà ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ọmọdé, tí wọ́n fẹ́ràn láti máa ja ogun àtijọ́ lórí tábìlì. Ẹnì kan á to ọmọ ogun Ọ̀yọ́ ayé ijọ́un síbí, ẹnì kejì á to ti Tápà sọ́hùn-ún. Wọ́n á fi rúlà wọn ibi tí ẹlẹ́ṣin lè sáré dé, wọ́n á ju dáìsì lúdò láti mọ ẹni tí ọfà bà. Kí ìjà má bàa di rádaràda, ogun kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Ìwé yẹn ló ń sọ irú jagunjagun tí ìlú náà ní, ohun ìjà tí wọ́n gbé, àti máàkì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tó. Máàkì ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Máàkì ẹlẹ́ṣin pọ̀ gan-an, ẹni tó gbé kùmọ̀, pọ́ọ́kú ni tirẹ̀. Tí ìwé bá parọ́, gbogbo ìjà náà ti di irọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ wa ni pé kí ìwé má parọ́. Nígbà gbogbo la sì ń gbọ́ nǹkan tuntun nípa àwọn ará àtijọ́, nítorí náà àtúnṣe kì í tán.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n tó lè kun ọ̀dà, ọwọ́ mi ò gbọ̀n, ó parí. Owó oṣù? Ó tó jẹ, kò tó fi yangàn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ míì jàre.

Tíṣà Fámúyìwá ni ọ̀gá wa. Olùkọ́ ìtàn ni tẹ́lẹ̀, ọmọ Èkìtì, ọkùnrin gíga kan tí kì í wọ nǹkan míì ju ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ, tí kì í sì í gbé ohùn sókè. Àìgbóhùnsókè yẹn gan-an ló burú jù. Tó bá jẹ́ pé ó ń pariwo ni, èèyàn á mọ ìgbà tó máa rẹ̀ ẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wa ò ju yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, lẹ́yìn ibi tí Bàbá Kàmórù ti ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe ní Dọ̀pẹ́mú. Ọmọ Ìbàdàn ni Bàbá Kàmórù, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó bá rẹ́rìn-ín ẹ máa gbọ́ ọ lójú títì. Òun ló ń yọ́ òjé inú bátìrì àtijọ́, tó ń dà á sínú àwòrán tó gbẹ́ sínú bíríkì, tí ọmọ ogun fi ń jáde. Èmi ni mò ń kùn wọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kun ẹṣin, mo kun aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, mo fi ìlà pupa sí etí rẹ̀. Ó dùn ún wò. Mo gbé e lọ fún Tíṣà, inú mi ń dùn. Ó mú un lọ sójú wíńdò, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ṣìkírá, ta ló sọ fún ẹ pé báyìí ni aṣọ ẹṣin yìí ṣe rí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà. Ó wù mí ni."

"Ó wù ẹ́. Ẹṣin bàbá ẹ ni?"

Ó mú ọ̀bẹ, ó rọra ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò lójú mi. Ó ní nǹkan méjì péré lòun máa ń gbà: ìwé kan tó sọ ọ́, tàbí àgbàlagbà ìlú yẹn tó gbọ́ ọ látẹnu àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Tí kò bá sí èyíkéyìí, kí n fi òjé sílẹ̀ bó ṣe rí. Háà, mo sunkún! Mo bú u nínú mi débi tó bá jẹ́ pé ó gbọ́, ilé ni ì bá ti lé mi lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kí n tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi: ta ló sọ fún ẹ?

Òfin rẹ̀ kejì ló jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tún ìwé ogun ìlú tirẹ̀ ṣe. Èmi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti Ògbómọ̀ṣọ́, Bàbá Kàmórù ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti Ìbàdàn, òun náà ò sì gbọ́dọ̀ gbé pẹ́ńsù sórí ti Èkìtì. "Gbogbo wa la máa parọ́ fún ilé bàbá wa," ó ní. "Èmi náà á pa á. Mo mọ ara mi."

Mo rò pé ó ń ṣàsọdùn ni, àfìgbà tí Bàbá Kàmórù ṣe tirẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìwé o, ó pa òfin mọ́. Ọmọ ogun Ìbàdàn ló dà. Nígbà tí mo tò wọ́n láti kùn, mo rí i pé gbogbo wọn fi orí ga ju ti Ọ̀yọ́, ti Ẹ̀gbá àti ti Tápà lọ.

"Bàbá Kàmórù, kí lèyí?"

"Kí ni kí ni? Ṣé o ò rí bí àwa ọmọ Ìbàdàn ṣe máa ń ga ni?"

Òun fúnra rẹ̀ ò ga tó fíríìjì o. Tíṣà wọlé, ó mú ọ̀kan, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó sì jù ú padà sínú ìkòkò òjé. Gbogbo wọn ló padà síná lọ́jọ́ náà. Bàbá Kàmórù jókòó sórí táyà, ó ń wo bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń yọ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo sá lọ sẹ́yìnkùlé.

Òfin kẹta ló le jù. Nígbà tí Tíṣà rí i pé mo lójú, ó mú mi kúrò nídìí ọ̀dà, ó fi mí sídìí ìwé. Ó wá ní ẹni tó bá fẹ́ tún ìwé ogun kan ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ogun náà lọ jà, kó pàdánù, kó tún pàdánù, títí tó fi máa mọ ibi tó ń dùn ún. Ìwé Tápà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Tíṣà nà mí. Bàbá Kàmórù nà mí. Màlámù tó ń ta tíì níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó kàn wá gba kọ́ọ̀pù rẹ̀, jókòó, òun náà nà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Ọfà kékeré kan báyìí, ẹlẹ́ṣin mi á ti ṣubú. Mo bi Tíṣà pé ṣé ìhòòhò ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń gun ẹṣin lọ sógun ni? Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n lọ wá a nínú ìwé. Mo wá a, mo rí i pé àwọn ẹlẹ́ṣin Òkè Ọya a máa wọ ẹ̀wù olówùú tó nípọn láti fi gba ọfà dúró. A fi ẹ̀wù wọ̀ wọ́n, a fi máàkì lé e, ogun Tápà sì di ogun tí èèyàn lè kó jáde láìtijú. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ń rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Irinṣẹ́ wa ò dúró sójú kan. Tàípúráítà la fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú síténsìlì àti ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí, tí yíǹkì rẹ̀ máa ń kùn wá dé ìgúnpá. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá ṣì, ó tán, kó o tún gbogbo ojú ìwé tẹ̀ láti orí. Nígbà tó yá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bàbá Kàmórù, dókítà kan ní tó bá ṣì fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀, kó jáwọ́ nínú èéfín òjé. A gbé òjé jù sílẹ̀. Rọ́bà la wá ń lò, ẹ̀yìn rọ́bà ni kọ̀ǹpútà dé, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń tẹ ọmọ ogun jáde fúnra rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i tó ń tẹ ẹṣin látẹsẹ̀ dé orí, ẹ̀rù bà mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Sùlé ọmọ mi ló jókòó tì mí, tó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń gbá a létí díẹ̀díẹ̀, títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí irinṣẹ́ tuntun dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rọ yẹn lè tẹ jagunjagun jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá jagunjagun náà gbé apata tàbí kò gbé. Ẹnì kan ṣì ní láti wádìí ẹ̀ kó tó sọ fún un. Àwọn tó ń ra ìwé wa ti wà lókè òkun báyìí, wọ́n á máa bá mi jiyàn lórí Wọ́sáàpù nípa gígùn ọ̀kọ̀, èmi náà á sì bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú.

Lọ́dọọdún la máa ń kó gbogbo àwọn tó ń ṣeré yìí jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni àwọn tíṣà ọmọ Èkìtì tó ń gbé Ìgàndò àti Akówonjó. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye ni olórí wọn. Àwọn ló ń gbé eré náà wọ ilé ìwé, gbogbo ilé ìwé tí wọ́n bá ti ń kọ́ni ló ń lò ó fún ẹ̀kọ́ ìtàn. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, láìsí wọn kò sí ṣọ́ọ̀bù. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ogun àwọn ẹlòmíì ni wọ́n máa ń kó jà. Lọ́dún yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye ní àwọn fẹ́ kó ti ilé àwọn. Òfin ò kọ̀ ọ́, àtúnṣe nìkan ló léèwọ̀. Wọ́n kó ìyàwó wá, wọ́n kó ọmọ wá wòran. Bàbá Kàmórù kó ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ dojú kọ wọ́n.

Kò pẹ́ rárá. A ò tíì pín bisikíìtì kárí tó fi parí. A ti tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹṣin ń já bọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, àwọn ará Èkìtì sì dúró lójú gbalasa pẹ̀lú ọrun àti àdá, kò síbi tí wọ́n lè yà sí. Ńṣe ni Bàbá Kàmórù ń kó wọn kúrò lórí tábìlì lẹ́kùn-únwọ́. Ọmọbìnrin Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye, ọmọ kékeré kan báyìí, wo tábìlì, ó wo ojú bàbá rẹ̀.

"Dádì, ṣé gbogbo wa ti kú?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mi ò mọ ẹni náà títí dòní, ì bá dára kí n mọ̀ ọ́n kí n gbá a lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye dìde.

"Tíṣà, ọmọ Èkìtì lẹ̀yin náà. Ṣé ohun tí ìwé yín sọ nípa wa rèé? Pé wọ́n kàn gun ẹṣin wá, wọ́n sì tẹ̀ wá pa bí èèrà?"

Tíṣà tẹjú mọ́ tábìlì.

"Ìlú wa ṣì wà níbẹ̀ dòní olónìí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ta ló wá bí wa?"

Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e, títí kan àwọn tí wọn ò tíì ṣeré rárá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tíṣà pè mí jókòó. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ìwé Èkìtì ò dáa. Nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lòun fi ìkánjú kọ ọ́, kí òun tó ṣòfin. Lẹ́yìn tí òun ṣòfin tán, òun ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Òun wá ń retí kí ẹnì kan nínú wa gbé e. Kò sẹ́ni tó gbé e, torí ta ló fẹ́ máa kó ogun tí kì í borí?

"Tí wọn ò bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní, "màá ti ilẹ̀kùn yìí, màá sì máa lọ sílé."

Ọkọ mi ti kú nígbà náà, Sùlé ò tíì ríṣẹ́, mi ò sì mọ nǹkan míì ṣe láyé yìí ju kí n máa wádìí bóyá ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́ gbé apata tàbí kò gbé. Níbo ni mo fẹ́ gbé ọgbọ́n yẹn lọ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́? Mo ní, "Ẹ gbé e fún mi, sà. Èmi máa ṣe é."

"O máa pàdánù o, Ṣìkírá."

"Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa pàdánù nìyẹn ni, sà?"

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni kí n dín máàkì ará Èkìtì kọ̀ọ̀kan kù, kí wọ́n lè pọ̀ bí eṣú kí máàkì wọn tó dọ́gba pẹ̀lú ti Ọ̀yọ́. Inú Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye á dùn, gbogbo wa á sì máa jẹun wa lọ. Mo dá ọgbọ́n, mo sọ ọ́ fún Tíṣà bí ẹni tó ń ṣeré. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n pọ̀ tó Ọ̀yọ́?"

Bàbá Kàmórù ti fi iṣẹ́ bátìrì sílẹ̀ nígbà náà, ó máa ń jókòó ní bàráńdà ilé rẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, màá kó àpótí ọmọ ogun mi, màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a, a óò tẹ́ aṣọ sórí tábìlì rẹ̀, yóò sì nà mí. Ọ̀sẹ̀ ń lọ, oṣù ń lọ. Mo to tafàtafà síwájú, ó nà mí. Mo tò wọ́n sẹ́yìn, ó nà mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú ewu kí n tó jókòó. "Kú ewu ogun o, Ṣìkírá. Mélòó ló ṣẹ́ kù nílé?" Mo délé lọ́jọ́ kan, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ fún Ọlọ́run pé ó ti sú mi.

Lọ́jọ́ tí nǹkan yí padà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti gbé ìrẹsì wá fún un nínú kúlà ńlá kan, pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi àti abọ́. Gbogbo rẹ̀ ló gbé lé ìdajì tábìlì tó jẹ́ tèmi.

"Bàbá, ẹ gbé oúnjẹ yín kúrò níbẹ̀."

"Èmi? Kí n gbé oúnjẹ mi kúrò torí àwọn òkú wọ̀nyí? Tò wọ́n yí i ká jàre."

Inú bí mi. Mo to tafàtafà mi sórí ìdérí kúlà, mo kó àwọn aládàá há àárín abọ́ àti jọ́ọ̀gì. Ó kó ẹṣin rẹ̀ dé. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò rọ́nà. Ó ní kí wọ́n gba àárín kúlà àti jọ́ọ̀gì kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni mò ń ta wọ́n lọ́fà látòkè. Ẹṣin rẹ̀ ń ṣubú. Ó ju ṣíbí sílẹ̀.

"Òjóró nìyẹn! Òjóró! Ẹṣin ò lè gun kúlà!"

Mo dá ọwọ́ dúró. "Bàbá, kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹṣin ò lè gun kúlà!"

"Ṣé ẹṣin lè gun àpáta?"

Ó wò mí, mo wò ó. Ìrẹsì ń tutù. Látìgbà tí a ti ń ja ogun yìí, jagunjagun nìkan là ń kọ sínú ìwé, a ò kọ ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé rí. Tábìlì tẹ́jú, àwa náà sì ṣe bí ẹni pé gbogbo ayé ló tẹ́jú. A kó ọmọ Èkìtì kúrò lórí òkè wọn wá sórí aṣọ pẹrẹsẹ ní Èkó, a wá ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lè jà.

Ṣùgbọ́n kúlà kì í ṣe ẹ̀rí. Mo gbọ́dọ̀ rí àgbàlagbà kan láti ìlú yẹn tó máa sọ fún mi. Tíṣà ò lè jẹ́rìí fún ìlú rẹ̀ nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àgbàlagbà míì kan ṣoṣo tí mo sì mọ̀ ni ìyá Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìgàndò. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkọ̀tún, mo fi ìborùn bo imú mi nígbà tí a ń kọjá ààtàn ńlá tó wà ní Solous. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó fajú ro.

"Màmá ni mo wá kí," mo ní, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé kó tó rí nǹkan sọ.

Ìyá ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í léèrè pé kí ni àwọn ará ìlú wọn máa ń ṣe láyé ijọ́un tí ẹlẹ́ṣin bá ń bọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, wọn á gun òkè ni. Kí tún ni wọn á ṣe? Ìyá ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀. Àwọn obìnrin ló máa kọ́kọ́ lọ, wọ́n á ru iṣu, wọ́n á ru omi gun orí àpáta. Àwọn ọkùnrin á dúró síbi tí ọ̀nà ti há, wọ́n á máa yí òkúta lu wọ́n."

"Ẹ ò ní bá wọn jà nílẹ̀, mà?"

"Ká bá ẹṣin jà nílẹ̀? Ṣé orí wa dàrú ni? Wọ́n á dúró nísàlẹ̀, kòkòrò inú igbó á máa jẹ ẹṣin wọn, ẹṣin á máa kú. Tó bá sú wọn, wọ́n á lọ sílé. Àwa á wá sọ̀ kalẹ̀, a óò lọ gbin iṣu míì."

Mo gbójú sókè, mo rí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó gbé omi wá fún mi.

Mo tún ìwé náà kọ. Mi ò fi èèyàn kan kún wọn, mi ò sì dín máàkì wọn kù. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó bá kó ogun Èkìtì ló máa to òkè sí ìdajì tábìlì rẹ̀, pé ẹṣin ò lè gùn ún, pé àwọn obìnrin tó ru iṣu wà lára ogun, tí iṣu bá dé òkè, ogun á lè dúró pẹ́, àti pé tí ẹlẹ́ṣin bá ti wọ igbó, kí wọ́n máa ju dáìsì wò bóyá àìsàn mú ẹṣin. Mo gbé e fún Tíṣà. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìyá Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye, sà."

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Ìyá tèmi náà sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ wá ń wò mí tí mo ń pàdánù látọjọ́ yìí, Tíṣà?"

"Ọmọ Èkìtì ni mí," ó ní. "Tó bá tẹnu mi jáde, ta ló máa gbà á gbọ́?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò kọ nǹkan kan mọ́ ọn ju ọjọ́ tí a máa pàdé lọ. Kò fèsì. Nígbà tí Sátidé pé, a to tábìlì sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn, èmi ò lè jókòó, ẹnu géètì ni mo dúró sí. Àwọn ọmọ Ìbàdàn dé, àwọn Ẹ̀gbá dé. Tíṣà jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ó tán, ẹ̀pa ò bóró mọ́, nígbà tí mo rí kẹ̀kẹ́ kan tó yà wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye sọ̀ kalẹ̀, ó di ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó kọjá, ó lọ jókòó síwájú Bàbá Kàmórù.

Ó fúnra rẹ̀ to òkè. Ọmọ rẹ̀ ló to àwọn obìnrin tó ru iṣu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjà wà lọ́jọ́ náà! A pín bisikíìtì, a pín oúnjẹ ọ̀sán, wọn ò gbójú sókè. Ẹṣin ń kú nínú igbó, Bàbá Kàmórù ń làágùn, gbogbo àwọn tó wà ní tábìlì yòókù ti wá dúró yí wọn ká. Nígbà tó wá kù díẹ̀ kí Èkìtì borí, ara Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye ò gbà á mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè láti lé àwọn tó ṣẹ́ kù. Bàbá Kàmórù ti fi ẹlẹ́ṣin díẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Ó yọ sí wọn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ogun Èkìtì tún ṣẹ́.

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Mo wo Tíṣà, ó ti fojú sílẹ̀. Mo di ojú mi, mo ń dúró de ìgbà tí àga á ró pé ó ti dìde.

Tábìlì ni mo gbọ́ tó lù gbàmù.

"Mo sọ̀ kalẹ̀ kíá jù!" Ọ̀gbẹ́ni Ògúnléye ló ń pariwo. "Ẹ̀bi mi ni, mo sọ̀ kalẹ̀ kíá jù! Bàbá, ẹ ò gbọ́dọ̀ dìde o. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ tún un tò! Ẹ tún un tò, a máa jà á!"

Ẹkún gbọ̀n mí, mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Ohùn Tíṣà ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó gbé e sókè láyé mi.

"Ṣìkírá! Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ní kó o tún un tò fún àwọn!"

Mo fi ìborùn nu ojú mi, mo lọ sídìí tábìlì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.